Ṣé Dẹpẹ́ńdáǹtì Lè Ṣiṣẹ́ Lókè Òkun? Ìtọ́sọ́nà fún Ọkọ àti Aya Tó Ń Múra Ìrìnàjò Láti Kwárà

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn tó ń múra ìrìnàjò ní Ìlọrin, Ọ̀fà, Òmù-Àrán àti Ajàṣẹ́-Ìpo: bí ọkọ mi tàbí aya mi bá rí iṣẹ́ tàbí ilé-ẹ̀kọ́ lókè òkun, tí èmi náà sì tẹ̀lé e, ṣé wọ́n á gbà mí láàyè láti ṣiṣẹ́? Ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "rárá" lásán, nítorí pé kì í ṣe ìgbéyàwó ló ń fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́ lórílẹ̀-èdè ẹlòmíràn. Irú fíísà tí ẹni tí ẹ tẹ̀lé gbà ló ń pinnu rẹ̀, ohun tí wọ́n sì kọ sórí ìwé tiyín gan-an ló ń fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Aya dókítà tó lọ sí Ìlú Ọba lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó gúnlẹ̀. Aya akẹ́kọ̀ọ́ tó lọ sí Amẹ́ríkà lè lo gbogbo ọdún tí ọkọ rẹ̀ fi kàwé láì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ní dìgírì méjì.

Nínú ìtọ́sọ́nà yìí, "olórí fíísà" ni ẹni tí iléeṣẹ́ tàbí ilé-ẹ̀kọ́ gbà, "dẹpẹ́ńdáǹtì" sì ni ọkọ tàbí aya tó tẹ̀lé e. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kan obìnrin ló kan ọkùnrin, nítorí àwọn ọkọ tó ń tẹ̀lé aya wọn tó jẹ́ nọ́ọ̀sì kò kéré mọ́ láàárín wa.

## Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni

1. Ẹ ní kí olórí fíísà fi lẹ́tà tí wọ́n fi gbà á hàn yín, kó má kàn sọ ọ́ lẹ́nu. Tó bá jẹ́ lẹ́tà ilé-ẹ̀kọ́, ẹ wo irú ìwé-ẹ̀rí tó fẹ́ lọ gbà àti iye oṣù tí yóò fi kàwé. Tó bá jẹ́ lẹ́tà iṣẹ́, ẹ wo orúkọ iṣẹ́ náà àti nọ́ńbà tí ìjọba ìlú yẹn fi ń dá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ̀.

2. Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èkínní: ṣé fíísà yìí gba dẹpẹ́ńdáǹtì? Èkejì: ṣé dẹpẹ́ńdáǹtì náà lè ṣiṣẹ́? Àwọn ènìyàn máa ń da méjèèjì pọ̀, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ mú aya rẹ̀ dání, ṣùgbọ́n kò gbà kí aya náà ṣiṣẹ́. Ìlú Ọba kì í gba dẹpẹ́ńdáǹtì ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ráyè wọlé níbẹ̀ lómìnira láti ṣiṣẹ́.

3. Ẹ fúnra yín ka ojúewé ìjọba orílẹ̀-èdè náà: gov.uk fún Ìlú Ọba, canada.ca fún Kánádà, uscis.gov fún Amẹ́ríkà. Òfin wọ̀nyí ń yí padà lọ́dọọdún, ohun tí ẹ̀jẹ́ǹtì kan fi ṣe fún ẹ̀gbọ́n yín ní ọdún 2022 lè ti di ohun àná. Bí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ́ǹtì bá ta ko ti ojúewé ìjọba, ti ìjọba ni kí ẹ gbà.

## Ìlú Ọba

### Ta ló lè mú ọkọ tàbí aya dání?

Ìjọba ibẹ̀ ti sé ọ̀nà mẹ́ta tí àwọn ará wa mọ̀ dunjú.

Akẹ́kọ̀ọ́. Fún ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ láti 1 January 2024, kìkì ẹni tó ń ṣe PhD tàbí másítà tó dá lórí ìwádìí, àti ẹni tí ìjọba ń san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún ẹ̀kọ́ tó ju oṣù mẹ́fà lọ, ló lè mú dẹpẹ́ńdáǹtì lọ. Másítà ọlọ́dún kan tí wọ́n ń jókòó gbọ́ ní kíláàsì, èyí tí gbogbo ayé fi ń lọ tẹ́lẹ̀, kò sí nínú rẹ̀ mọ́.

Olùtọ́jú arúgbó àti aláìlera. Láti 11 March 2024, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíísà iṣẹ́ yìí kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání. Nígbà tó di 22 July 2025, wọ́n dá gbígba olùtọ́jú tuntun láti òkèèrè dúró pátápátá. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ta irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún yín ní Ìlọrin lónìí, tó tún ń ṣèlérí pé tọkọtaya lẹ ó jọ lọ, ọjà tí kò sí lórí àtẹ ló ń nájà rẹ̀ fún yín.

Iṣẹ́ tí kò dé ìpele dìgírì. Láti 22 July 2025 kan náà, iṣẹ́ tuntun tí wọ́n fi ń gba Skilled Worker, ìyẹn fíísà iṣẹ́ fún àwọn amọṣẹ́dunjú, gbọ́dọ̀ dé ìpele dìgírì. Àwọn iṣẹ́ díẹ̀ tí wọ́n ṣì fàyè gbà fún ìgbà kúkúrú lábẹ́ ìpele yẹn kò gba dẹpẹ́ńdáǹtì tuntun.

Nọ́ọ̀sì, dókítà, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama, ẹnjiníà àti irú wọn tí iléeṣẹ́ gbà dáadáa ṣì lè mú ọkọ tàbí aya wọn dání.

### Iṣẹ́ wo ni dẹpẹ́ńdáǹtì lè ṣe?

Ó kù díẹ̀ kó jẹ́ gbogbo iṣẹ́. Ọkọ tàbí aya ẹni tó ní Skilled Worker, tàbí ti akẹ́kọ̀ọ́ PhD, lè ṣiṣẹ́ oṣù, ó lè ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀, ó sì lè fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ bọ́ sí òmíràn láì tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba. Wọ́n kò fi wákàtí dí i lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n yọ sílẹ̀ ni kó máa fi eré ìdárayá tàbí kíkọ́ni ní eré ìdárayá ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Wákàtí 20 lọ́sẹ̀ tí ẹ máa ń gbọ́, òfin akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ nìyẹn nígbà tí ìwé bá ń lọ lọ́wọ́. Kò kan ẹni tó tẹ̀lé e. Mo rí i pé ọ̀pọ̀ dẹpẹ́ńdáǹtì ló ń fi àìmọ̀ dín wákàtí ara wọn kù nítorí èyí.

Ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́ kò túmọ̀ sí pé ìwé-ẹ̀rí yín ti dọ́gba pẹ̀lú tiwọn o. Nọ́ọ̀sì tó lọ gẹ́gẹ́ bí dẹpẹ́ńdáǹtì ṣì gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí nọ́ọ̀sì níbẹ̀, ìyẹn NMC, kó tó lè pe ara rẹ̀ ní nọ́ọ̀sì.

### Owó tó yẹ kí ẹ mọ̀ ṣáájú

Owó ìlera tí wọ́n ń pè ní IHS jẹ́ £1,035 lọ́dún fún àgbàlagbà kan tó tẹ̀lé òṣìṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n sì ń gba ti gbogbo ọdún fíísà: ọdún mẹ́ta di £3,105. Ti ẹni tó tẹ̀lé akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ £776 lọ́dún. Ṣùgbọ́n bí fíísà olórí fíísà bá jẹ́ Health and Care, èyí tó wà fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, ìdílé rẹ̀ kì í san án rárá, nítorí náà ẹ rí i dájú pé irú fíísà tó tọ́ lẹ mú nígbà tí ẹ bá ń kọ̀wé béèrè. Dẹpẹ́ńdáǹtì òṣìṣẹ́ tún gbọ́dọ̀ ní £285 ní báńkì fún ọjọ́ 28 láì jẹ́ kó wálẹ̀, àyàfi tí agbanisíṣẹ́ bá ti kọ ọ́ sínú ìwé pé òun yóò gbọ́ bùkátà náà.

### Láti ọjọ́ tí ẹ bá dé

1. Ẹ wọ àkáǹtì UKVI yín, ìyẹn ti iléeṣẹ́ tó ń rí sí fíísà Ìlú Ọba, kí ẹ wo eVisa yín. Káàdì ìgbélùú tí wọ́n ń pè ní BRP ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní òpin ọdún 2024, inú íntánẹ́ẹ̀tì ni ìwé ìgbélùú yín wà báyìí. Ẹ fara balẹ̀ wo orúkọ, ọjọ́ ìbí, fọ́tò, ọjọ́ tí fíísà yóò parí àti ohun tí wọ́n kọ nípa iṣẹ́. Bí àṣìṣe bá wà, ẹ ké sí wọn kí ẹ tó wá iṣẹ́, nítorí ohun tí ẹ rí níbẹ̀ náà ni agbanisíṣẹ́ yóò rí.

2. Ẹ gba share code. Lójú òpó kan náà, ẹ yàn pé ẹ fẹ́ fi ẹ̀tọ́ iṣẹ́ hàn. Wọn yóò fún yín ní àmì kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà W, tó wúlò fún ọjọ́ 90. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú R wà fún ilé gbígbà. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ sí agbanisíṣẹ́, wọn yóò dá a padà. Agbanisíṣẹ́ yóò fi àmì náà àti ọjọ́ ìbí yín yẹ̀ yín wò fúnra rẹ̀. Fọ́tò tí ẹ yà lójú fóònù kì í ṣe ẹ̀rí fún un, ẹ má sì bínú tó bá kọ̀ ọ́: owó ìtanràn tí ìjọba lè bù fún un lórí òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo tí kò ní àṣẹ lè tó £45,000.

3. Ẹ béèrè fún nọ́ńbà National Insurance, èyí tí wọ́n fi ń ka owó orí òṣìṣẹ́ sí orúkọ yín. Orí gov.uk ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ kò ní láti dúró dè é kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bí ẹ bá ti lè fi ẹ̀tọ́ yín hàn. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó kí òun bá yín gba nọ́ńbà yìí ń jẹ yín jẹ ni.

4. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ ara yín, bíi irun dídì, aṣọ rírán tàbí oúnjẹ sísè, ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ HMRC, iléeṣẹ́ tó ń gba owó orí níbẹ̀, tí owó tó wọlé láàárín ọdún owó orí kan bá ti ju £1,000 lọ. Ẹni tó fẹ́ máa se oúnjẹ tà láti ilé gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ ní kánsù àdúgbò rẹ̀ ó kéré tán ọjọ́ 28 ṣáájú ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì rò pé ẹ ó máa kó wàrà àti ẹran gbígbẹ láti Ìlọrin lọ fi ṣòwò: wọn kì í gba ẹran àti ohun tí wọ́n fi wàrà ṣe wọlé láti Nàìjíríà, pápákọ̀ òfurufú ni wọn yóò ti gbà á.

5. Bí ẹ bá gba pásípọ́ọ̀tù tuntun, ẹ fi nọ́ńbà rẹ̀ sí àkáǹtì UKVI yín lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n má baà dá yín dúró nídìí ọkọ̀ òfurufú nígbà tí ẹ bá ń padà bọ̀ láti Nàìjíríà.

## Amẹ́ríkà

Ní Amẹ́ríkà, lẹ́tà àti nọ́ńbà tó wà lójú fíísà ni kí ẹ máa wò, nítorí òfin wọn yàtọ̀ síra.

F-2, ọkọ tàbí aya akẹ́kọ̀ọ́: kò sí iṣẹ́, kò sí ìwé àṣẹ iṣẹ́ tí ẹ lè béèrè fún, kò sí ọ̀nà ẹ̀bùrú.

J-2, ọkọ tàbí aya olùṣèwádìí tàbí àlejò ilé-ẹ̀kọ́ gíga: ẹ lè béèrè fún ìwé àṣẹ iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní EAD, ṣùgbọ́n owó tí ẹ bá rí kò gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹ fi ń bọ́ olórí fíísà.

H-4, ọkọ tàbí aya òṣìṣẹ́ tó ní fíísà iṣẹ́ H-1B: ẹ kò lè ṣiṣẹ́ títí dìgbà tí ìwé I-140 olórí fíísà, èyí tí iléeṣẹ́ rẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà green card, bá ti kẹ́sẹ járí, tàbí tí wọ́n bá ti fún un ní àfikún kọjá ọdún mẹ́fà nítorí ọ̀nà yẹn kan náà. Ìgbà náà ni ẹ tó lè béèrè fún EAD.

L-2, ọkọ tàbí aya òṣìṣẹ́ tí iléeṣẹ́ rẹ̀ gbé láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn: láti oṣù November ọdún 2021, ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́ ti wà nínú fíísà náà fúnra rẹ̀. Lórí I-94 yín, ìwé tó ń fi hàn pé ẹ wọ Amẹ́ríkà àti irú fíísà tí ẹ fi wọlé, "L-2S" ni ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí "L-2" lásán, ẹ lọ bá àwọn aṣọ́bodè kí wọ́n tún un ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ sórí F-2, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń fi ẹsẹ̀ ara wọn kó sí páńpẹ́. Ẹ mú un pé obìnrin kan tó mọ irun dì dáadáa jókòó sí pálọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ọmọ Òró kan tí wọ́n jọ ń lọ sí mọ́ṣáláṣí wá dirun fún ayẹyẹ, nígbà tó ṣe tán, ó fi dọ́là 80 ránṣẹ́ sí àkáǹtì ọkọ rẹ̀. Wọn kò kọ lẹ́tà, wọn kò forúkọ ìṣòwò kankan sílẹ̀, owó náà kò tilẹ̀ kan àkáǹtì obìnrin náà. Iṣẹ́ ni òfin ka ìyẹn sí síbẹ̀, ó sì lè ba ìwé ìgbélùú rẹ̀ jẹ́, kó tún jáde lọ́jọ́ tí ó bá ń béèrè fún green card. Títọ́jú ọmọ ọlọ́mọ fún owó àti sísè oúnjẹ tà wà lórí òṣùwọ̀n kan náà. Ní ti iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà tí ẹ ń ṣe fún iléeṣẹ́ kan ní Èkó tàbí Ìlọrin, ẹ má ṣe fi ojú pé "Nàìjíríà ni owó ti ń wá" wò ó. Ẹ bi agbẹjọ́rò ìwọ̀lú kí ẹ tó máa bá a lọ láti ibẹ̀.

Ohun tí ẹni tó ní F-2 lè ṣe nìyí: ó lè kàwé, bí iye ẹ̀kọ́ tó ń ṣe kò bá ti pé ti akẹ́kọ̀ọ́ kíkún, ó lè yọ̀ǹda ara rẹ̀ láì gba owó fún iṣẹ́ àánú tí wọn kì í sanwó rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ó sì lè wá ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ kó yí sí F-1, fíísà akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo rò pé ó tọ́ sí ẹni tó ní dìgírì àkọ́kọ́ láti Yunifásítì Ìlọrin tàbí Màlété, tí agbára rẹ̀ bá gbé e, dípò kó jókòó sílé ka ọjọ́.

Fún ẹni tí ẹ̀tọ́ wà fún láti gba EAD:

1. Ẹ tẹ I-94 yín jáde láti i94.cbp.dhs.gov, kí ẹ rí i pé orúkọ àti irú fíísà tó wà níbẹ̀ tọ́.
2. Ẹ kọ ìwé I-765, ìyẹn ìwé ìbéèrè fún EAD, sí USCIS, iléeṣẹ́ ìwọ̀lú Amẹ́ríkà. Nínú ìwé kan náà ni ẹ ti lè béèrè fún Social Security, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá òṣìṣẹ́ mọ̀ fún owó orí, kí ẹ má baà tún máa rìn lẹ́ẹ̀kejì.
3. Ẹ dúró de káàdì. Rìsíìtì tí wọ́n fi ránṣẹ́ pé ìwé yín ti dé kì í ṣe àṣẹ láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.
4. Ẹ tètè béèrè fún ìsọdọ̀tun. Ẹ lè kọ ọ́ láti ọjọ́ 180 ṣáájú ọjọ́ tí káàdì yóò parí, ó sì pọn dandan báyìí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé àfikún ọ̀fẹ́ tí ọ̀pọ̀ ń rí gbà nígbà tí ìwé wọn bá wà lọ́wọ́ ìjọba ti dópin fún ìwé tí wọ́n fi sílẹ̀ láti 30 October 2025.

## Kánádà

Ìwé àṣẹ iṣẹ́ tó wà fún ọkọ tàbí aya ní Kánádà kì í so yín mọ́ agbanisíṣẹ́ kan, ìyẹn ló fi dùn. Ṣùgbọ́n láti 21 January 2025, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ti há.

- Bí olórí fíísà bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀kọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ másítà tó gba oṣù 16 ó kéré tán, tàbí PhD, tàbí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀kọ́ iṣẹ́ amọṣẹ́dunjú tí ìjọba dárúkọ. Dípúlọ́mà ti kọ́lẹ́ẹ̀jì kò wọ̀ ọ́.
- Bí olórí fíísà bá jẹ́ òṣìṣẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ìpele 0 tàbí 1 lórí TEER, òṣùwọ̀n tí Kánádà fi ń pín iṣẹ́ sí ìpele, tàbí kó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ TEER 2 tàbí 3 tí ìjọba yàn, bíi ti ìlera, ìkọ́lé àti ẹ̀kọ́. Ìwé àṣẹ iṣẹ́ tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣì ní oṣù 16 ó kéré tán nígbà tí ẹ bá ń béèrè.

Ẹ lè mọ ìpele náà fúnra yín: nọ́ńbà iṣẹ́ wọn ní ẹyọ márùn-ún, ẹyọ kejì rẹ̀ ni TEER. Nọ́ńbà nọ́ọ̀sì ni 31301. Ẹyọ kejì jẹ́ 1, nítorí náà TEER 1 ni.

Ìgbésẹ̀ rẹ̀ nìyí:

1. Ẹ kọ ìwé IMM 1295 lórí canada.ca. Ó dára kí ẹ kọ ọ́ pọ̀ mọ́ ti olórí fíísà bó bá ṣeé ṣe.
2. Ẹ san $155 fún ìwé àṣẹ iṣẹ́, $100 fún pé kò so mọ́ agbanisíṣẹ́ kan, àti $85 fún ìtẹ̀ka, gbogbo rẹ̀ ní dọ́là Kánádà.
3. Ẹ ṣe àyẹ̀wò ara lọ́dọ̀ dókítà tí Kánádà yàn. Tí ẹ kò bá ṣe é, wọ́n lè kọ ọ́ sí ìwé yín pé ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn tàbí níbi ìtọ́jú ọmọdé, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni iṣẹ́ pọ̀ sí.
4. Ní pápákọ̀ òfurufú ibẹ̀ ni wọn yóò ti tẹ ìwé àṣẹ náà fún yín. Ẹ kà á níwájú tábìlì aṣọ́bodè náà kí ẹ tó ṣí ẹsẹ̀ kúrò. Ẹ wo orúkọ, ọjọ́ ìparí, àti gbólóhùn tó wà nísàlẹ̀ nípa iṣẹ́ tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe. Níbẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọn yóò fi tún un ṣe. Bí ẹ bá ti délé, ìwé kíkọ àti ìdúró ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni.
5. Ẹ lọ gba SIN, nọ́ńbà tí agbanisíṣẹ́ yóò béèrè lọ́wọ́ yín, lọ́dọ̀ Service Canada lọ́fẹ̀ẹ́. Tiyín yóò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 9, yóò sì parí lọ́jọ́ tí ìwé àṣẹ yín bá parí.

## Jámánì, Ireland àti Ọsirélíà, ní ṣókí

Ní Jámánì, ọkọ tàbí aya tó bá gba ìwé ìgbélùú ìdílé lè ṣiṣẹ́ láì sí ìdíwọ́. Ẹ wá ọ̀rọ̀ "Erwerbstätigkeit erlaubt" (wọ́n gba iṣẹ́ láàyè) lórí ìwé náà. Ìdènà wọn ṣáájú ìrìnàjò ló wà: wọ́n sábà máa ń béèrè ìwé-ẹ̀rí èdè Jámánì ìpele A1, ṣùgbọ́n wọn kì í béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ tàbí aya ẹni tó ní Blue Card, ìwé ìgbélùú àwọn òṣìṣẹ́ amọṣẹ́dunjú. Wọ́n tún máa ń rán ènìyàn lọ ṣèwádìí ìwé Nàìjíríà níbi tó ti wá, èyí sì lè gba ọ̀pọ̀ oṣù.

Ní Ireland, àmì ìgbélùú tí wọ́n ń pè ní Stamp 1G ni kí ẹ máa retí, nítorí òun ló fàyè gba iṣẹ́. Stamp 3 kò gbà á. Ọkọ tàbí aya ẹni tó ní ìwé àṣẹ iṣẹ́ Critical Skills ti ń rí 1G gbà láti ọdún 2019, ti ẹni tó ní General Employment Permit náà sì wọ̀ ọ́ ní May 2024.

Ní Ọsirélíà, ẹni tó tẹ̀lé akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣiṣẹ́ wákàtí 48 láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn tí ẹ̀kọ́ bá ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ másítà tàbí PhD ni olórí fíísà ń ṣe, kò sí òdiwọ̀n.

## Ìwé tí ẹ gbọ́dọ̀ tún ṣe kí ẹ tó kúrò nílé

Orúkọ ló ń da àwa ará Ìlọrin láàmú jù. Wọ́n á kọ Abdulrasaq sínú ìwé-ẹ̀rí WAEC, wọ́n á kọ Abdul Rasaq sí NIN, wọ́n á kọ AbdulRazaq sí pásípọ́ọ̀tù, àáfà tó so yìgì á sì kọ Rasaki. Lójú wa, ẹnìkan náà ni. Lójú òṣìṣẹ́ fíísà, ènìyàn mẹ́rin ni, kọ̀ǹpútà sì lè ya "Abdul" sọ́tọ̀ bí ẹni pé orúkọ bàbá ni. Ẹ tún NIN ṣe ná, nítorí orí rẹ̀ ni pásípọ́ọ̀tù dúró lé. Lẹ́yìn náà kí ẹ ṣe pásípọ́ọ̀tù. Lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ ṣe ìwé ìbúra ní kóòtù tó so àwọn orúkọ yòókù pọ̀. Àwọn aya tó ń jẹ́ orúkọ bàbá nínú ìwé kan, tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ ọkọ nínú òmíràn, ìlànà kan náà ni kí wọ́n tẹ̀lé.

Ìwé ìgbéyàwó. Yìgì jẹ́ ìgbéyàwó tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n tákàdá mọ́ṣáláṣí nìkan lè má tó òṣìṣẹ́ tí kò mọ Ìlọrin rí. Ẹ fi ìwé ìbúra láti ọ̀dọ̀ àwọn òbí méjèèjì àti fọ́tò ìdána tì í lẹ́yìn. Bí ẹ bá tún fẹ́ ṣe ti kóòtù, ẹ ṣe é ní ọjọ́ rẹ̀ gan-an. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín kọ ọjọ́ àtẹ̀yìnwá sí i. Ẹ̀tàn nínú ìwé ìbéèrè lè mú kí Ìlú Ọba ti ilẹ̀kùn mọ́ yín fún ọdún 10.

Ọkùnrin tó ní ju aya kan lọ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé aya kan ṣoṣo ni Ìlú Ọba, Amẹ́ríkà àti Kánádà yóò gbà wọlé gẹ́gẹ́ bí aya rẹ̀. Kí wọ́n jókòó sọ ọ́ nílé kí wọ́n tó kọ̀wé.

Ẹ fi èyí yẹ ara yín wò:

- Orúkọ àti ọjọ́ ìbí bá ara mu lórí pásípọ́ọ̀tù, NIN àti ìwé ìgbéyàwó.
- Ìwé àyẹ̀wò ikọ́ ife fún Ìlú Ọba ti wà nílẹ̀. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é ní Ìlọrin, Èkó tàbí Àbújá ni ẹ ó lọ, oṣù mẹ́fà péré ló sì ń lò. Ẹ má ṣe é jù ní kùtùkùtù.
- Ilé-ẹ̀kọ́ ti fi èsì ìdánwò yín ránṣẹ́. Ìgbìmọ̀ nọ́ọ̀sì ti Nàìjíríà sì ti fi ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀ ránṣẹ́, bí ẹ bá jẹ́ nọ́ọ̀sì. Láti òkè òkun, pípe ọ́fíìsì fún nǹkan wọ̀nyí máa ń súni.
- Ẹ̀dà lẹ́tà olórí fíísà wà lọ́wọ́ yín náà.

## Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Fífi orúkọ ẹlòmíràn ṣiṣẹ́. Ẹni tí kò ní àṣẹ á yá àkáǹtì ẹni tó ń gbé oúnjẹ kiri, tàbí kó lo nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló ń ṣẹ̀ sófin, ìwé ẹni tó yáni lè bàjẹ́ pẹ̀lú.

Fíísà àbẹ̀wò. Ẹni tó bá fi í wọlé kò lè ṣiṣẹ́, ì báà jẹ́ pé ọkọ rẹ̀ ní ìwé iṣẹ́ tó dára jù lọ.

Ọkọ tàbí aya orí ìwé. Àwọn kan ń san owó kí wọ́n lè so wọ́n mọ́ nọ́ọ̀sì tí wọn kò rí rí. Ẹ sá fún un.

Owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba. Ní Ìlú Ọba, ìwé dẹpẹ́ńdáǹtì máa ń sọ pé ẹ kò gbọ́dọ̀ gba owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba, bẹ́ẹ̀ ẹ ń san owó orí. Méjèèjì kò ta ko ara wọn lójú òfin wọn.

## Bí iṣẹ́ bá bọ́, tàbí tí ìgbéyàwó bá dàrú

Ẹ̀tọ́ yín so mọ́ ti olórí fíísà. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ìlú Ọba, lẹ́yìn tí ìjọba bá ti kọ̀wé sí i, ọjọ́ 60 ni wọ́n sábà máa ń fún un láti rí òmíràn tàbí kó máa lọ, ìwé yín yóò sì bá tirẹ̀ rìn. Òṣìṣẹ́ H-1B ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 60 náà, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní irú àkókò yìí, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá agbanisíṣẹ́ tiyín lè gbà yín fún fíísà ní orúkọ yín. Ní Ìlú Ọba, dẹpẹ́ńdáǹtì tí iṣẹ́ rẹ̀ bá tó ìpele dìgírì, tí owó oṣù rẹ̀ sì pé, lè yí sí Skilled Worker láì kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, òun ló lè di olórí fíísà fún ẹnìkejì rẹ̀.

Bí ẹ bá kọ ara yín sílẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba Ìlú Ọba tó ń rí sí ìwọ̀lú. Ẹni tí ọkọ tàbí aya rẹ̀ bá ń lù tàbí tó ń fi fíísà dẹ́rù bà kò ní láti fara dà á nítorí ìwé: láti February 2024, dẹpẹ́ńdáǹtì òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìlú Ọba lè béèrè fún àṣẹ ìgbélùú oṣù mẹ́ta nítorí ìyà inú ilé, ó sì fàyè gba iṣẹ́ àti owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba. Kí ó lè ṣeé ṣe, ẹ fi ímeèlì àti nọ́ńbà fóònù tiyín ṣí àkáǹtì UKVI yín láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ má ṣe wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kí pásípọ́ọ̀tù yín sì wà níbi tí ẹ ti lè fi ọwọ́ ara yín mú un.